Ẹ̀WÙ KÉKERÉ TI ỌDỌỌDÚN

Ibi kíkà: 1 Sámúẹ́lì 1:20–28, 2:18–21 àti 26, 3:1–10, Lúùkù 2:41–52

 

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ Hánnà nínú ìpàdé wa, ẹkún rẹ̀ ni a sábà máa ń sọ. A ó sọ bí ó ti wà láìbímọ, bí orogún rẹ̀ ti ń mú un bínú, àti bí Élì ti rò pé ó mu ọtí yó. Lẹ́yìn náà ọmọ dé, a ó yọ̀, a ó jó, a ó sì pa Bíbélì dé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Hánnà kò tán níbẹ̀. Ní orí kejì, ẹsẹ 19, a kà pé lọ́dọọdún, nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá ń lọ rúbọ, ó máa ń rán ẹ̀wù kékeré kan, a sì mú un dání lọ fún Sámúẹ́lì. Ẹsẹ kan péré ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ńlá ni fún ìyá tí Ọlọ́run fún ní ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ jí ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ọmọ náà wà ní Ṣílò, ìyá rẹ̀ wà ní Rámà. Síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ mọ bí apá rẹ̀ ti gùn tó, àti bí èjìká rẹ̀ ti fẹ̀ tó. Ẹ̀wù èṣí kò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ̀wù àgbàlagbà ńkọ́? Yóò gbé e ṣubú. Nítorí náà, lọ́dọọdún ni Hánnà ní láti bi ara rẹ̀ pé: Báwo ni ọmọ mi ti tó nísinsìnyí? Ohun tí mo fẹ́ kí a mú lọ sílé nìyí: ọmọ ọlọ́pọlọ pípé kò nílò ìyìn wa tó bí ó ti nílò ẹ̀wù tí ó bá a mu ní ọdún tí ó wà.

ÈKÍNÍ: Ẹ̀WÙ TÍ Ó HÁ JÙ

Àwa tí a ti di ẹfun mú mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kí o tó kọ ìṣirò kẹta sójú pátákó, ó ti ṣe èkínní àti èkejì tán. Ohun tí o sọ lẹ́ẹ̀kan kò kúrò lórí rẹ̀ mọ́. Ìbéèrè rẹ̀ kò lópin: kí ló dé tí òṣùpá ń tẹ̀ lé wa? Ta ló kọ́kọ́ ka ọjọ́ oṣù? Bí ọmọ bíi àádọ́ta bá kún inú kíláàsì, kò sí ohun tí irú ọmọ yìí yóò máa ṣe nígbà tí àwọn yòókù bá ń ṣe tiwọn lọ́wọ́. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, yóò máa fa aṣọ ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀, a ó sì nà án. Bí a bá nà án títí, yóò kọ́ ohun kan tí kò sí nínú ìwé: yóò kọ́ bí a ti ń lọ́ra. Ohun tí mo rí lọ́pọ̀ ìgbà ni mò ń sọ yìí. Ẹ má yára pe ọmọ bẹ́ẹ̀ ní aláìgbọ́ràn. Ẹ̀wù ni ó há mọ́ ọn lọ́rùn.

Kí ni ìyá lè ṣe? Ẹ lọ rí tísà rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí ìjà bá dé. Ẹ lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí iṣẹ́ tísà pọ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún ọmọ náà ní iṣẹ́ tí ó jinlẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ tí ó kàn pọ̀. Ọmọ tí ó ti mọ ìsọdipúpọ̀, tí a tún fún ní ogún irú rẹ̀, ìyà ni a fi jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí òun fúnra rẹ̀ hùmọ̀ ìbéèrè tí a lè fi ìsọdipúpọ̀ dáhùn, orí rẹ̀ yóò ṣiṣẹ́.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan fún wa, ẹ má bínú sí mi. Nígbà mìíràn, ọmọ tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn yìí kì í ṣe ọmọ inú wa. Ọmọ ọ̀dọ̀ wa ni. Òun ni ó ń ka bébà tí a fi pọ́n ẹ̀pà kí ó tó jù ú nù. Òun ni ó ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí tísà ilé bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa, tí ó sì ń dáhùn sínú. Láti ọdún 2004 ni òfin orílẹ̀-èdè wa ti sọ ọ́ di dandan pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n òfin tí ó ga ju ti ìjọba lọ ń bi wá pé: ta ni yóò rán ẹ̀wù fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà ní ọ̀nà jíjìn? Nílé Élì, Sámúẹ́lì pàápàá ọmọ olómìíràn ni.

ÈKEJÌ: Ẹ̀WÙ TÍ Ó TÓBI JÙ

Àwọn àgbà ní ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ ọdún méje lè kàwé bí ọmọ ọdún mọ́kànlá, síbẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan bá sọnù, ẹkún ọmọ ọdún méje ni yóò sun. Orí rẹ̀ ti ṣáájú, ọkàn rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Èyí ni àwa òbí máa ń gbàgbé nígbà tí a bá ń fò ó ní kíláàsì méjì, mẹ́ta, kí a lè sọ fún ẹgbẹ́ wa pé ọmọ wa ni ó kéré jù lọ ní ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 2025, àjọ JAMB yọ̀ǹda pé kí àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 16, tí ẹ̀bùn ọpọlọ wọn bá ṣàrà ọ̀tọ̀, ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Ọmọ 41,027 ni ó forúkọ sílẹ̀. Máàkì tí a ní kí wọ́n gbà, ó kéré tán, ni 320 nínú 400. Àwọn 599 péré ni ó gbà á. Èmi kò fi àwọn ọmọ náà ṣẹlẹ́yà. Mò ń bi àwa ìyá léèrè ni: ta ni ó wọn ẹ̀wù náà?

Ẹ wo Jésù Olúwa wa ní ọmọ ọdún méjìlá. Ó jókòó láàárín àwọn olùkọ́ni nínú tẹ́ḿpìlì, ó ń gbọ́ wọn, ó sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ẹnu ya gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀. Síbẹ̀ kò dúró sí Jerúsálẹ́mù kí a máa pè é wá wò. Ó bá àwọn òbí rẹ̀ padà sí Násárẹ́tì, ó sì ń tẹríba fún wọn. Lúùkù wá fi ọ̀nà mẹ́rin wọn ìdàgbàsókè rẹ̀: ọgbọ́n, ara, ojú rere lọ́dọ̀ Ọlọ́run, àti ojú rere lọ́dọ̀ ènìyàn. Ọgbọ́n kan ṣoṣo ni a sábà máa ń wọ̀n. Ṣé ọmọ náà ń sùn tó? Ṣé ó ń ṣeré? Ṣé ó ní ọ̀rẹ́? Ṣé ó mọ bí a ti ń gbàdúrà láìjẹ́ pé àlejò wà níbẹ̀ tí yóò pàtẹ́wọ́ fún un?

Ọmọ tí a ń fi hàn kiri yóò rò pé nítorí ipò kìn-ín-ní ni a ṣe fẹ́ràn òun. Ọjọ́ tí ó bá ṣe ipò kẹta, yóò fi ìwé èsì rẹ̀ pamọ́. Ẹ yìn ín nítorí pé ó tẹra mọ́ iṣẹ́, ẹ má yìn ín nítorí orí tí kì í ṣe òun ni ó dá a. Ẹ sì rántí ẹ̀wù mìíràn nínú Bíbélì, èyí tí Jákọ́bù dá fún Jósẹ́fù nìkan láàárín gbogbo ọmọ rẹ̀. A mọ ohun tí ó fà nínú ilé náà. Hánnà tún bí ọmọkùnrin mẹ́ta àti ọmọbìnrin méjì lẹ́yìn Sámúẹ́lì. Àwọn náà ń wọ aṣọ.

ẸKẸTA: ỌWỌ́ TÍ Ó Ń RÁN AN

Ìyá kan lè sọ pé, “Èmi kò kàwé. Kí ni mo fẹ́ fi kọ́ ọmọ tí ó ti mọ̀ jù mí lọ?” Ẹ padà sí orí kẹta. Ní òru ọjọ́ náà, Sámúẹ́lì ni ó gbọ́ ohùn, Élì kò gbọ́ nǹkan kan. Ojú Élì ti ṣú, agbára rẹ̀ ti dín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ sáré wá nígbà ẹ̀ẹ̀kẹta, àgbà ni ó mọ Ẹni tí ń pè é, òun sì ni ó kọ́ ọ ní bí yóò ti dáhùn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ní Ilé-Ifẹ̀ gan-an, ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ìyá mi, èdè ẹnu rẹ kì í ṣe ìdènà. Pa àlọ́ fún ọmọ náà, kí o sì ní kí ó wá òpin mìíràn fún un. Ta ayò pẹ̀lú rẹ̀. Jẹ́ kí ó bá ọ ṣírò èrè ọjà. Bi í léèrè ìdí tí a fi ń pe 50 ní àádọ́ta. Yóò rí i pé ẹ̀wá ni a yọ kúrò nínú ọgọ́ta. Ní kí ó wá ti 70 àti 90 fúnra rẹ̀. Bí ó bá sì bi ọ́ ní ohun tí o kò mọ̀, má ṣe lé e sẹ́yìn. Sọ pé, “Jẹ́ kí a jọ béèrè,” kí ẹ sì jọ béèrè ní tòótọ́.

Àwa ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ní àpẹẹrẹ tiwa. Susanna Wesley, ìyá John àti Charles, bí ọmọ 19, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú ní kékeré. Gbèsè wọ ilé wọn ní Epworth tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1705. Síbẹ̀ ó sọ ilé di ilé ẹ̀kọ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ kánjú: ó máa ń dúró kí ọmọ pé ọdún márùn-ún kí ó tó fi ìwé lé e lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wọn mọ gbogbo lẹ́tà ábídí ní ọjọ́ kan. Méjì nínú àwọn ọmọbìnrin lo ọjọ́ kan àti ààbọ̀, ìyá wọn sì rò nígbà náà pé orí wọn kò yá. Ìgbà tí ó rí àwọn ọmọ mìíràn ni ó tó yí èrò padà. Ó ní òfin pé a kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọbìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ títí yóò fi kàwé dáadáa. Èyí tí ó wù mí jù ni pé ó ya àkókò sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, òun àti ọmọ náà nìkan. Ọjọ́bọ̀ ni ti John. Nígbà tí John ti dàgbà, ó ṣì ń rántí Ọjọ́bọ̀ náà. Ìyẹn kò ná an ní owó kankan.

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun kan kí sáà ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀ tó wọlé. Kí olúkúlùkù fi ọ̀nà mẹ́rin ti Lúùkù wọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ rẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀, tàbí ọmọ ọ̀dọ̀. Kí ẹgbẹ́ wa sì wá ọmọ kan nínú ìjọ tí orí rẹ̀ jí ṣùgbọ́n tí kò sí owó ìwé, kí a jọ rán ẹ̀wù tirẹ̀.

Kí a má sì gbàgbé ibi tí Hánnà ti bẹ̀rẹ̀: ó ti dá ọmọ náà padà fún Olúwa. Hófínì àti Fíníhásì dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ kan náà, wọ́n mọ iṣẹ́ àlùfáà, wọ́n sì ń jí ẹran ẹbọ. Sámúẹ́lì darúgbó, ó dúró níwájú gbogbo Ísírẹ́lì, ó bi wọ́n pé màlúù ta ni òun gbà rí, wọ́n sì jẹ́rìí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ọpọlọ pípé ń gbé ènìyàn dé ibi gíga. Ìwà ni ó ń mú un dúró níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Olúwa, Ìwọ tí o fún wa ní ọmọ, fún wa ní ojú tí yóò rí i bí ó ti tó. Gbà wá lọ́wọ́ ìkánjú àti ìgbéraga. Má ṣe jẹ́ kí ẹ̀bùn ọmọ kankan kú mọ́ wa lọ́wọ́ nínú ilé wa. Fún àwọn tísà ní sùúrù, kí o sì fún àwọn ọmọ ní ọkàn tí yóò dáhùn nígbà tí o bá pè. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.