Ta Ni Ó Ni Ọjọ́ Ìdúpẹ́?



Nígbà tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí ìtumọ̀ Mísà, ọ̀kan nínú yín na ọwọ́ sókè. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tí ó wà ní Amẹ́ríkà sọ fún òun pé ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù kọkànlá, ìsinmi ni fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Àwọn ará ilé a pé jọ, wọn a jẹ tòlótòló, wọn a sì dúpẹ́ ìkórè. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n náà kò mọ èyí tí ì bá gbà gbọ́. Àwọn kan sọ fún un pé àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ni wọ́n dá àjọ̀dún náà sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwa Kátólíìkì ni. Àwọn ẹ̀yà mìíràn ní ilẹ̀ náà sì ń gbààwẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, nítorí pé ọjọ́ ọ̀fọ̀ ni lójú tiwọn. Ó wá bi mí pé: “Olùkọ́, ta ni ó ni ọjọ́ náà gan-an?” Ìbéèrè náà tóbi ju ohun tí a lè dáhùn lórí ìdúró lọ. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé yìí, kí gbogbo yín lè kà á.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Ní ọdún 1620, ọkọ̀ ojú omi kan tí a ń pè ní Mayflower gbé ènìyàn 102 láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí etí òkun Amẹ́ríkà, ní ibi tí wọ́n sọ ní Plymouth. Àwọn tí ó ṣáájú wọn jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì tí ó ti ya ara rẹ̀ kúrò nínú Ìjọ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Òtútù àti àìsàn pa bí ìdajì wọn ní ọdún àkọ́kọ́. Àwọn Wampanoag, tí wọ́n ni ilẹ̀, ni wọ́n bá àwọn tí ó kù ṣe àdéhùn. Ọmọ ilẹ̀ náà kan tí ń jẹ́ Tisquantum sì fi bí a ti ń gbin àgbàdo hàn wọ́n. Nígbà tí ìkórè dé ní 1621, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bí 50 àti ọkùnrin Wampanoag bí 90, pẹ̀lú Ousamequin olórí wọn, jọ jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Àgbọ̀nrín márùn-ún ni àwọn Wampanoag pa wá síbi oúnjẹ náà.

Edward Winslow, tí ó wà níbẹ̀, kọ lẹ́tà nípa rẹ̀. Kò pè é ní ọjọ́ ìdúpẹ́. Lójú àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ọjọ́ àdúrà ni ọjọ́ ìdúpẹ́ í ṣe, irú èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1623 nígbà tí òjò rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá gígùn. Ní 1841 ni Alexander Young tẹ lẹ́tà Winslow sínú ìwé kan, tí ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé pé ìdúpẹ́ àkọ́kọ́ nìyí. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: 220 ọdún ti kọjá lórí oúnjẹ náà kí ó tó gba orúkọ tí a fi mọ̀ ọ́n lónìí. Ní 1863, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní ilẹ̀ náà, Ààrẹ Abraham Lincoln kéde ọjọ́ ìdúpẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, lẹ́yìn tí obìnrin kan, Sarah Josepha Hale, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé bẹ àwọn aláṣẹ. Nínú ìkéde Lincoln, a kò dárúkọ Plymouth, a kò sì dárúkọ Mayflower. Òfin 1941 ni ó fi Ọjọ́bọ̀ kẹrin múlẹ̀.

Àwọn ará Virginia ní tiwọn pẹ̀lú. Wọ́n ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó gúnlẹ̀ sí Berkeley ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá, ọdún 1619, ti gba àṣẹ láti máa fi ọjọ́ náà dúpẹ́ lọ́dọọdún. Nínú ìkéde tirẹ̀ ní 1963, Ààrẹ Kennedy, ẹni tí ó jẹ́ Kátólíìkì, dárúkọ Virginia àti Massachusetts pa pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà bínú. Wọ́n pa á kí ọjọ́ ìdúpẹ́ ọdún náà tó dé.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kan àwa Kátólíìkì, mo sì mọ̀ pé etí yín ti ń ṣí. Òótọ́ ni pé ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1565, tí í ṣe àjọ̀dún Ìbí Màríà Wúńdíá, Pedro Menéndez de Avilés gúnlẹ̀ sí Florida pẹ̀lú àwọn ará Spéìnì. Àlùfáà wọn, Francisco López de Mendoza Grajales, rú ẹbọ Mísà níbẹ̀, àwọn àlejò náà sì bá àwọn Timucua, tí wọ́n ni ilẹ̀, jẹun. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ni St. Augustine. Ọdún 55 ni èyí fi ṣáájú Mayflower. Ní 1965, Michael Gannon, onímọ̀ ìtàn, kọ ọ́ pé ìdúpẹ́ yìí ni ó ṣáájú ní ìlú tí àwọn ará Yúróòpù tẹ̀ dó tí ó sì wà títí di òní.

Ṣé kí á wá pàtẹ́wọ́? Ẹ ní sùúrù. Kí oṣù kan náà tó parí, Menéndez àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kọlu àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ará Faransé tí wọ́n ti tẹ̀dó sí ìtòsí, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ wọn, títí kan àwọn tí ó ti juwọ́ sílẹ̀. Matanzas ni etí omi ibẹ̀ ń jẹ́ títí di òní. Ìpakúpa ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Spéìnì. Èmi tí mo fi èdè Faransé kàwé láti kékeré, n kò rí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé kankan tí wọ́n fi kọ́ wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé Mísà ọjọ́ kẹjọ jẹ́ tiwa, kí ó gbà pé ẹ̀jẹ̀ ìparí oṣù náà kàn wá pẹ̀lú.

Àwọn Wampanoag ńkọ́? Ẹ rántí Tisquantum. Ní 1614, ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan jí òun àti àwọn mìíràn gbé, ó sì kó wọn lọ tà ní Málaga, ní Spéìnì. Àwọn arákùnrin ìsìn Kátólíìkì gba díẹ̀ nínú wọn kúrò lọ́wọ́ olùtà náà. Tisquantum dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà sí ìlú rẹ̀ ní 1619, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni láàyè; àjàkálẹ̀ àrùn ti pa wọ́n run. Orí ahoro ìlú rẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ Plymouth sí. Àwọn kan nínú ìran Wampanoag òde òní sọ pé a kò tilẹ̀ pe àwọn baba wọn síbi oúnjẹ 1621; ìró ìbọn ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi wá. Ní 1676, lẹ́yìn ogun kíkorò, wọ́n pa Metacom, ọmọ Ousamequin kan náà tí ó bá wọn jẹun. Ọjọ́ ìdúpẹ́ ni wọ́n ń ṣe ní Plymouth lọ́jọ́ tí wọ́n gbé orí rẹ̀ wọ ìlú. Wọ́n fi kọ́ orí igi, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Ní 1970, wọ́n pe Wamsutta Frank James, ọmọ Wampanoag, pé kí ó wá sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ 350 ọdún. Nígbà tí wọ́n ka ohun tí ó fẹ́ sọ, wọ́n kọ̀ ọ́. Ó lọ sọ ọ́ ní orí òkè kan lẹ́bàá ère Ousamequin. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń péjọ síbẹ̀ lọ́dọọdún láti ṣọ̀fọ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ṣí Ìwé Mímọ́ sí Diutarónómì, orí 26. Níbẹ̀ ni Mósè ti sọ bí ènìyàn yóò ṣe gbé àkọ́so oko rẹ̀ wá síwájú Ọlọ́run. Àlùfáà yóò gba apẹ̀rẹ̀ náà. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ó gbé e wá gbọ́dọ̀ la ẹnu, kí ó sọ ìtàn. Kò gbọdọ̀ sọ pé baba òun jẹ́ akọni. Yóò sọ pé alárìnkiri ni baba òun, pé a fi ìran òun ṣe ẹrú ní Íjíbítì, pé wọ́n sunkún, Ọlọ́run sì gbọ́. Ìgbà tí ó bá ti sọ èyí tán ni yóò tó wólẹ̀, tí òun, ọmọ Léfì àti àlejò inú ilé rẹ̀ yóò sì jọ yọ̀. Àlejò ni ó wà nínú òfin náà. A kò lè lé e kúrò nídìí oúnjẹ kí á tún sọ pé ìdúpẹ́ ni à ń ṣe.

Ẹ ti kọ́ pé ìdúpẹ́ ni ìtumọ̀ Yukarístì ní èdè Gíríìkì. Nígbà tí ẹ bá ti gba Ìrìbọmi, tí ẹ sì dúró lẹ́bàá pẹpẹ, ẹ fetí sí àlùfáà dáadáa. Kí ó tó dé orí búrẹ́dì tí Jésù mú tí ó sì dúpẹ́, yóò mẹ́nu kan ìfinihàn rẹ̀ àti ìjìyà rẹ̀. Ìjọ Mímọ́ ì bá ti fo ibẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni, nítorí pé ọ̀rẹ́ tí ó ń bá a jẹun ni ó dà á. Kò fò ó. Ojoojúmọ́ ni a ń sọ ọ́, ní gbogbo ilẹ̀ ayé, nínú ìdúpẹ́ tí ó ga jù lọ tí a ní.

Èsì mi sí ẹni tí ó bi mí ní ìbéèrè nìyí: Ọlọ́run ni ó ni ọjọ́ ìdúpẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ni ọ̀fọ̀ àwọn tí ń sunkún ní ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ lè bá wọn jẹun, kí ó dúpẹ́ tọkàntọkàn. Bí àwọn ọmọ ilé bá bi í ní ìtàn ọjọ́ náà, kí ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan ti Metacom àti ti Matanzas.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ní ti ilé yín. Ní Savalou, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ, tí a ń ṣe àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà Wúńdíá, ni wọ́n ń ṣe ọdún iṣu titun. Ní ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa, a kì í fẹnu kan iṣu titun kí àwọn àgbà tó ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Àwọn kan nínú yín ń bẹ̀rù láti wọ ilé baba wọn ní àkókò náà. Àwọn mìíràn ń lọ, wọn kì í sì í sọ fún wa. Ẹbọ tí a ń rú sí òrìṣà, Kristẹni kì í bá wọn rú u. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bú àwọn àgbà yín, ẹ má sì ṣe sọ pé èṣù ni ó dá àjọ̀dún sílẹ̀ nígbà tí ẹ kò tíì bi ẹnikẹ́ni bí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, kí á tó pàdé ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù yín lọ kí àgbà kan nínú ilé rẹ̀. Kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó bi í pé: ta ni ó kọ́kọ́ gbin iṣu sórí ilẹ̀ wa yìí, ta ni a bá níbẹ̀, báwo ni a sì ṣe gbà á? Bí àgbà méjì bá sọ ìtàn tí kò bá ara mu, ẹ mú méjèèjì wá. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ, kí ó kọ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kí ó há a sórí. Kí ẹ sì mú iṣu kọ̀ọ̀kan dání, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ ó gbé apẹ̀rẹ̀ lọ síwájú pẹpẹ.