Gbèsè Ẹni tí ń Ya Àwòrán Ẹlòmíràn

Bí ènìyàn bá ya àwòrán ọmọnìkejì rẹ̀, kí ni ó jẹ ẹni náà? Ìbéèrè yìí kàn wá ní Bantè àti ní Savalou, nítorí pé ogun Dahomey ṣọṣẹ́ ní ilẹ̀ Mahi àti ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwòrán ìgbà náà tí a ń rí nínú ìwé, ọwọ́ àlejò ni ó yà á.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà ni Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń jẹ́ Bonetta. Ní 1849 àti 1850, ó lọ sí Abomey láti rọ Ọba Ghézo pé kí ó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Ní 1851, ìwé rẹ̀ lórí Dahomey jáde ní apá méjì, pẹ̀lú àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ yà. Ọdún náà gan-an ni ó kú.

Àwòrán méjì nínú ìwé náà ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Èkíní ni ti Seh-Dong-Hong-Beh, jagunjagun obìnrin: ìbọn wà ní ọwọ́ kan, orí ènìyàn tí a gé wà ní ọwọ́ kejì. Èkejì ni ti ọmọdébìnrin kan láti Òkè-Ọ̀dàn, tí ogun Dahomey kó lẹ́rú, tí Ghézo sì fi ta Forbes lọ́rẹ. Ọ̀kan ń dẹ́rù bani, èkejì ń ṣeni láàánú. Àwọn méjèèjì sì bá ìpè tí Forbes ń pe àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ mu, pé kí wọ́n gbógun ti òwò ẹrú.

Èrò náà dára. Forbes tilẹ̀ kọ ọ́ pé bí òun bá kọ ọmọ náà, ikú ni ìbá pa á. Ṣùgbọ́n èrò rere kì í san gbèsè tán. Àwọn baba wa gbà pé orúkọ a máa ro ọmọ. Orúkọ tí a fún ọmọ yìí ni Sarah Forbes Bonetta, orúkọ ayàwòrán àti ti ọkọ̀ rẹ̀. Ní 1862, nígbà tí ó ti di aya James Davies, Camille Silvy ya fọ́tò rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyàwó tí ó dúró níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ tí à ń káàánú mọ́. Àwòrán àkọ́kọ́ kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán.

Lónìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó ń fi tẹlifóònù ya àwọn àgbà níbi ayẹyẹ iṣu tuntun ní Savalou. Gbèsè náà ti di tiwa. Ẹ jẹ́ kí a tọrọ àyè kí a tó yà wọ́n, kí a bèèrè orúkọ wọn, kí a sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Nígbà náà ni ẹni tí a yà yóò lè tọ́ka sí ojú ìwé wa pé: èmi nìyí.