Ojú Àlejò

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí èmi àti ìyàwó mi jókòó láti gbèrò ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ní Sìrì Láńkà, erékùṣù tí ó wà ní gúúsù orílẹ̀-èdè Íńdíà. A ti ṣírò owó ọkọ̀ òfuurufú àti ti òtẹ́ẹ̀lì. A ti mọ̀ pé láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni etíkun gúúsù ibẹ̀ máa ń tòrò, àti pé aṣọ òtútù yẹ fún agbègbè òkè tí wọ́n ti ń gbin tíì. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan ilé ìsìn Búdà ni ìyàwó mi gbé kálámù sílẹ̀.

Ó ní, ‘Bàbá Dúpẹ́, wọ́n ní a óò bọ́ bàtà kí á tó wọlé tọ ère. Ṣé ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ alàgbà ìjọ ni ẹ óò máa tẹríba fún ère lẹ́nu ìsinmi?’

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ẹ̀rín dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹ̀rín. Kí ni ẹni tí ó lọ gbafẹ́ jẹ ní gbèsè fún ẹni tí ó lọ jọ́sìn, bí àwọn méjèèjì bá pàdé ní ojú kan náà?

Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ sọ pé ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù ni Mahinda, ọmọ Asoka ọba Íńdíà, gbé ẹ̀sìn Búdà dé ọ̀dọ̀ ọba wọn ní orí òkè Mihintale. Sanghamitta, arábìnrin rẹ̀, mú ẹ̀ka kan wá lára igi tí Búdà jókòó sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tí ojú inú rẹ̀ là. Wọ́n gbin ín sí Anuradhapura, wọ́n sì ń tọ́jú igi náà títí di òní. Lójú àlejò, igi lásán ni. Lójú ìyá arúgbó tí ó wọ aṣọ funfun, tí ó gbé òdòdó lọ́wọ́, ẹ̀rí ìgbàgbọ́ ni.

Àwọn kan lè sọ pé, ‘Ṣebí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ wa?’ Òótọ́ ni. Àlejò ń sanwó kí ó tó gun àpáta Sigiriya, ó sì ń sanwó kí ó tó wọ ilé ìsìn Kandy tí wọ́n gbé eyín Búdà sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó san owó ọkọ̀ kò ra awakọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni owó wa ṣí. Kò sọ ohun ọ̀wọ̀ onílé di ohun ìṣeré wa.

Bẹ́ẹ̀ ni òfin nìkan kò tó láti kọ́ni ní ìwà. Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ kan ní Galle dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún àwọn ará Faransé mẹ́ta tí wọ́n ya fọ́tò bí ẹni ń fi ẹnu ko ère Búdà lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí wọ́n lọ ṣe é. Ní ọdún 2014, wọ́n lé obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan kúrò ní ìlú nítorí àwòrán Búdà tí ó fín sí apá. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ dá a láre. Òfin lè le jù, ó sì lè yí padà. Ìwà ọmọlúàbí kì í dúró de ọlọ́pàá.

Ní ti bàtà, ìdáhùn mi ni pé bíbọ́ bàtà kì í ṣe ìjọ́sìn. Ọ̀wọ̀ fún olùjọ́sìn ni. Ní orí òkè Sri Pada, tí ó ga ní 2,243 mítà, ipa ẹsẹ̀ kan wà. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní ti Búdà ni. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní ti Shiva ni. Àwọn Mùsùlùmí àti Kristẹni kan ní ti Ádámù ni. Àtẹ̀gùn kan náà ni gbogbo wọn ń gùn lóru láti pàdé oòrùn òwúrọ̀. Kò sí ẹni tí ó fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ó yà fún ẹlòmíràn lọ́nà.

Síbẹ̀, kí a má ṣe sọ ibẹ̀ di ọ̀run. Ogun abẹ́lé jà níbẹ̀ láti ọdún 1983 sí 2009. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1998, bọ́ǹbù bú ní ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn Kandy yẹn gan-an. Nítorí náà, ọ̀wọ̀ tí ó bá mọ sí ara òkúta kò ì pé. Ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ obìnrin Tamil tí ń já ewé tíì ní orí òkè, tí Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn baba ńlá rẹ̀ wá láti gúúsù Íńdíà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bí a bá bọ́ bàtà fún Búdà, tí a wá ya fọ́tò obìnrin yìí láìkí i, kí ni a bọ́ bàtà fún?

Wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ó lè ti ilé fọ ojú náà kí ó tó gbéra.

Ìyàwó mi tún mú kálámù. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: aṣọ tí yóò bo èjìká àti orúnkún, ìbọ̀sẹ̀, nítorí òkúta a máa gbóná lọ́sàn-án, a kò ní kọ ẹ̀yìn sí ère láti ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà, ó wò mí, ó ní, ‘Ẹ kọ́kọ́ lọ wádìí bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn níbẹ̀.’