ÌṢÀRÒ ÀÁRỌ̀: PINNU KÍ O TÓ GBÉRA

Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀, tó ń lọ síbi iṣẹ́, ẹ rọra kà á. Ẹni tó bá ṣì wà nílé, ẹ pe àwọn ọmọ jọ kí ẹ jọ kà á.

*Bíbélì kíkà:* Dáníẹ́lì 1:1-16, Mátíù 26:36-46

*Kókó ọ̀rọ̀:* Ohun tí o bá pinnu nílẹ̀ ni yóò dì ọ́ mú lókè.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá rí ọmọ yín tó ń fi abẹ gé fóòmù ní kọ̀rọ̀ yàrá, tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹ má tètè pariwo lé e lórí. Ó lè jẹ́ bàálù ló ń tò, bàálù kékeré onírìmóòtù. Á lọ sí Àlàbá lọ wá bátìrì, wáyà àti lẹ́ẹ̀dì. Á wá ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí fáànù iwájú, àti servo méjì-mẹ́ta, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ pínníṣín tó ń darí ìyẹ́ àti ìrù. Nínú ikùn bàálù náà, nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní receiver. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gbọ́ ohun tí rìmóòtù bá sọ. Rìmóòtù wí, receiver gbọ́, bàálù ṣe. Ìgbì rédíò 2.4 GHz ni wọ́n sábà máa ń lò láyé òde òní, irú èyí tí Wi-Fi náà ń lò.

Ẹ jẹ́ ká wá bi ara wa ní ìbéèrè kan. Bí bàálù yẹn bá ti wà lókè, tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wá já, tí receiver ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀?

Ó kù sí ohun tí wọ́n ti ṣe nílẹ̀. Àwọn receiver kan wà tó jẹ́ pé, bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì sọ fún wọn ohun tí wọ́n máa ṣe, ohun tí wọ́n gbọ́ gbẹ̀yìn ni wọ́n máa dì mú. Bó bá jẹ́ eré àsápajúdé ni wọ́n gbọ́ gbẹ̀yìn, eré yẹn náà ni wọ́n á máa sá lọ. Bàálù á fò kọjá òrùlé, á forí lé Ìyànà Ìbà níbi tí èrò ti ń wọ kòròpé, tàbí títì Àgbádárìgì tí dánfó ti ń sáré bọ̀, tàbí kó lọ já sínú bárékè Ọ̀jọ́. Ta ló fẹ́ lọ máa ṣàlàyé fún sójà pé eré lọmọ òun ń ṣe? Láti 2016 ni àjọ NCAA ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ọkọ̀ òfúrufú tí kò ní awakọ̀ nínú sókè láìgba àṣẹ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í gbéra láìṣètò ohun tí wọ́n ń pè ní failsafe. Á kọ́kọ́ yọ fáànù kúrò kó má baà gé e lọ́wọ́. Á wá kọ́ receiver pé: “Ìgbà tí o ò bá gbọ́ ohùn mi mọ́, pa ẹ́ńjìnnì.” Á tẹ bọ́tìnnì tó máa fi ọ̀rọ̀ yẹn pa mọ́ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á dán an wò. Á pa rìmóòtù, á tẹjú mọ́ ẹ́ńjìnnì bóyá ó dákẹ́. Bí kò bá dákẹ́, kò tíì tó àkókò àtifò.

Ẹ kíyè sí i, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó lè kọ́ bàálù ní nǹkan kan mọ́ nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ti já. Àwọn àgbà wa ní, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ wo Dáníẹ́lì. Wọ́n kó o dé Bábílónì, ó jìnnà sílé, ó jìnnà sí tẹ́ḿpìlì. Kò sí bàbá, kò sí ìyá, kò sí wòlíì tó máa bi í pé kí lo jẹ lánàá. Wọ́n tiẹ̀ yí orúkọ rẹ̀ padà. Oúnjẹ ọba délẹ̀, wáìnì wà nínú ife. Ẹ ka ẹsẹ kẹjọ dáadáa: ọ̀rọ̀ náà ti parí nínú ọkàn rẹ̀. Kò dúró kí ebi pa á kó tó rò ó. Ìdí nìyẹn tó fi lè fi ọ̀wọ̀ bá ìjòyè sọ̀rọ̀, láìbínú, láìgbọ̀n, pé kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́wàá dán àwọn wò.

Ẹ má rò pé ayé àtijọ́ nìkan nìyẹn. Àwọn méjì tó kọ́kọ́ fi bàálù ẹlẹ́ńjìnnì fò, Wilbur àti Orville Wright ti Amẹ́ríkà, ọmọ bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n. Bàbá wọn, Milton Wright, ló ra ohun ìṣeré kan fún wọn ní 1878, èyí tó ń fi rọ́bà fò. Òun ló kọ́kọ́ gbé èrò fífò sí wọn lọ́kàn. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kejìlá 1903, wọ́n wà nínú iyanrìn Kitty Hawk, wọ́n jìnnà sí bàbá wọn, òtútù ń mú, Kérésì ń sún mọ́lé, bàálù wọn sì ti tò tán. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Wọn ò fò. Láti ilé ni wọ́n ti pinnu pé àwọn kì í fò lọ́jọ́ Olúwa. Lọ́jọ́ Ajé wọ́n gbìyànjú, bàálù já, wọ́n tún un ṣe. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún, ó fò fún ìṣẹ́jú àáyá 12. Kí wọ́n tó ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà, ó ti fò fún ìṣẹ́jú àáyá 59. Ọjọ́ Àìkú tí wọ́n yọ̀ǹda ò gba ògo wọn lọ́wọ́ wọn.

Èyí tó ga jù ni ti Olúwa wa. Kí àwọn ọmọ ogun tó dé ọgbà Gẹtisémánè, Ó ti bá Bàbá sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta, títí tó fi fi ìfẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ti Bàbá. Pétérù náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní kó ṣọ́nà, ó sùn. Kí àkùkọ tó kọ, ìbéèrè ọmọbìnrin ìránṣẹ́ kan ti gbé e ṣubú. Ọgbà kan náà ni, òru kan náà ni. Ẹnì kan ṣètò, ẹnì kan sùn. Nígbà tó di orí igi, tí Jésù ké sí Bàbá bí ẹni tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀, tí ojú ọ̀run ṣú, síbẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó parí nínú ọgbà ló dì í mú.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí ládùúgbò wa. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ LASU, owó ilé-ẹ̀kọ́ ti fẹ́ kọjá àkókò, lánlọ́ọ̀dù ti kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ẹ jọ ń gbé wá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sún mọ́ ọ, ó ní kó o kàn bá òun fèsì fún òyìnbó kan, owó á wọlé kílẹ̀ tó mọ́. Ìwọ ará Àlàbá, ọjà ò tà fún ọ̀sẹ̀ méjì, oníbàárà wá dé tí kò mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Ìwọ arábìnrin, ọ̀gá ní iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n kó o wá rí òun ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ ti ń gbàdúrà ọmọ láti ọdún yìí wá, ó dà bíi pé ọ̀run dákẹ́, ẹnì kan wá ní ẹ tẹ̀lé òun lọ síbì kan lóru. Ọlọ́run ò jìnnà o. Àmọ́ ìgbà kan wà tí etí wa kì í gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ ìgbà yẹn lo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, ó ti pẹ́.

Mi ò ní tàn yín. Failsafe ò sọ pé bàálù ò ní já. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ó máa wálẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ sì lè kán. Ẹni tó kọ owó èrú lè pàdánù yàrá, ó lè pàdánù iṣẹ́, ó lè fi ọdún kan sílé. Ó máa ń dun èèyàn. Ṣùgbọ́n ìtòsí ni bàálù yẹn máa balẹ̀ sí. Ẹni tó ni ín á rìn wọnú koríko, á gbé e, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, á tún gbé e fò. Èyí tó ń sáré lọ láìgbọ́ràn ni wọn kì í rí mọ́. Ó sàn kó o balẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ́ kíkán nítòsí Ẹlẹ́dàá rẹ, ju kó o máa fò lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí ọ tún ṣe.

Bó bá jẹ́ pé o ti sáré jìnnà ńkọ́? Bàálù ò lè pe ẹni tó ni ín. Ìwọ lè pè é. Pétérù tó ṣubú yẹn náà, Jésù ló lọ bá a létí òkun, ló dáná fún un, ló tún gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́.

*Ohun tí a máa ṣe lónìí:*
1. Mú ìwé. Kọ ìdánwò kan tí o mọ̀ pé ó ń bọ̀. Kọ ohun tí o máa ṣe bó bá dé.
2. Sọ fún ẹnì kan tó lè bi ọ́ léèrè.
3. Dán an wò. Bí nọ́ńbà kan bá wà lórí fóònù rẹ tó yẹ kó kúrò, yọ ọ́ lónìí, má dúró di alẹ́.

*Àdúrà:* Bàbá, bí ohùn rẹ ṣe ń dún sí mi ketekete láàárọ̀ yìí, ràn mí lọ́wọ́ kí n pinnu. Lọ́jọ́ tí n ò bá gbọ́ nǹkan kan, jẹ́ kí ìpinnu òní dì mí mú. Bí mo bá já, jẹ́ kó jẹ́ ìtòsí rẹ ni mo já sí. Àwọn ọmọ wa tó ti sáré jìnnà, Olúwa, wá wọn rí. Lórúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́ kan kó tó jáde nílé.