Ta Ni Mo Gba Ààwẹ̀ Fún?

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gba ààwẹ̀ Àtìní àti Àlàmísì, n kò fo ọjọ́ kan àyàfi èyí tí ẹ̀sìn ní kí n má gbà. Wọ́n ń yìn mí nílé kéwú. Wọn ò mọ̀ pé kí n tó kírun àsùbáà ni mo ti máa ń gun òṣùwọ̀n. Bí kílò bá dín, màá ṣọpẹ́. Bí kò bá dín, inú mi á bàjẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àníyàn ló ń sọ ebi di ìjọsìn. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì fi ń kọ́ àwọn ọmọdé. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí mo ń sá fún: ta ni mo gba ààwẹ̀ tèmi fún, Ọlọ́hun ni àbí òṣùwọ̀n?

Mo ga ní mítà 1.65, kílò 46 ni mo wọ̀n. Nínú ìṣirò tí àwọn dókítà fi ń wo ìwọ̀n ara mọ́ gíga, ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó 18.5 ti rù jù. Tèmi ò pé 17. Síbẹ̀, obìnrin tí mò ń rí nínú dígí sanra. Ìyẹn ń bà mí lẹ́rù dòní: ojú tí mo fi ń ka Kùránì tí n kì í ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kà, òun náà ló ń purọ́ apá mi fún mi. Ìyá mi a fọwọ́ kan egungun èjìká mi, á ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn?" Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tó ka sísanra sí àlàáfíà ló ń sọ. Nígbà tó yá, n kò rí nǹkan oṣù mi mọ́.

Dókítà tí mo lọ rí ní àìsàn ni: ìrònú ló bí i, ebi ló ń bọ́ ọ.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Alfa wa lọ. Wọ́n ṣí Súrátù Bákárà, ẹsẹ 185, níbi tí Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn kó jẹun ní Ràmàdáánì, kó san ọjọ́ náà padà. Mo jiyàn pé àìsàn tèmi kò hàn sójú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé Ẹni tó pàṣẹ ààwẹ̀ kọ́ ló ní kí o jẹun yìí?"

N kò rí èsì fọ̀. Ebi pípa rọ̀ mí lọ́rùn. Jíjẹ ni mi ò lè ṣe. Ọdún mẹ́ta yẹn, ìfẹ́ inú mi ni mò ń sìn.

Ní Ràmàdáánì tó kọjá, lọ́sàn-án gangan, mo ṣe bísímílà, mo mu ògì, mo jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀, omijé sì ń bọ́ sínú abọ́. Gbogbo ààwẹ̀ oṣù náà ló wà lọ́rùn mi láti san. Alfa ní kí n má kánjú.