Sùúrù Kì í Ṣe Jíjókòó Lásán

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tí ó fi oríkèé so eegun mọ́ eegun. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, lọ́kùnrin lóbìnrin, nílẹ̀ Ọdẹ́dá wa níbí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń kọ ebè, tí ń fọ́ òkúta, tí ń gun ọ̀kadà ní títì Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn. Ẹsẹ̀ ń kán, ẹ̀yìn ń ro. Baba tí ń to eegun yóò tò ó, tàbí kí wọ́n fi P.O.P. dè é ní ọsibítù. Bí wọ́n bá ti tú u, a ó rò pé ó parí. Aláìsàn yóò jókòó, yóò ní òun ti fi í lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Kí ó tó mọ̀, orúnkún kò ká mọ́.

Ṣé sùúrù nìyẹn? Rárá o! Nínú hádíìsì tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá, Ànábì pa á láṣẹ fún ẹrúsìn Ọlọ́hun kí ó wá ìwòsàn, nítorí pé gbogbo àìsàn ni ó ní oògùn, àfi ogbó.

Ọ̀kan nínú ìwòsàn náà ni fisiotẹ́rápì. Eegun tí ó kán lè so, ṣùgbọ́n iṣan tí a kò lò ń joro, oríkèé tí a kò ká ń gan. Oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì yóò wo ibi tí agbára kù sí, yóò máa ká oríkèé díẹ̀díẹ̀, yóò sì kọ́ aláìsàn ní ìdárayá tí yóò máa ṣe nílé. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù, ọpọlọ rẹ̀ lè tún ìrìn kọ́ nípa àṣetúnṣe. Ẹ̀yìn tí ó ti ń ro ju oṣù 3 lọ, àdùbúlẹ̀ pípẹ́ a máa mú un le sí i ni. Ìrìn àti ìdárayá níwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ó ń dẹ̀ ẹ́. Oògùn ìrora tí a ń gbé mì lójoojúmọ́ láìbéèrè lè dá egbò sínú ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn ríro bá mú ẹsẹ̀ kú, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣeé dá dúró, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ sáré lọ sí ọsibítù.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì láàárín wa. Ní 1945 ni wọ́n dá ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì, ní Èkó, sílẹ̀ fún àwọn sójà tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà. Ó wà ní Federal Medical Centre, Ìdí-Aba, nítòsí wa. Arábìnrin lè béèrè fún obìnrin tí yóò tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ̀sìn gbà á nítorí túláàsì, kí ẹnìkan sì bá a lọ.

Òótọ́ ni pé Ànábì yọ̀ǹda fún Imran ọmọ Husayn, nígbà tí ó ń ṣàìsàn, pé kí ó jókòó kírun bí kò bá lè dúró. Àánú ni èyí. Ẹni tí kò lè dìde, ìrun rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ẹni tí Ọlọ́hun ṣí ọ̀nà ìdìde sílẹ̀ fún, kí ó gbà á pẹ̀lú ọpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé kéwú, ẹ mọ̀ pé ẹni tí ó há Kùránì tí kò tún un kà yóò gbàgbé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan rí. Ẹ má lọ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ dá a dúró. Ẹ ṣe àdúà, ẹ tún na ẹsẹ̀.

Kí Ọlọ́hun wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí Ó jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ wa dúró sin Òun. Àmín.