Ọ̀wẹ̀, Àáró àti Ọ̀rẹ́ ní Àjàṣẹ́

Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìkì, pín ìbádọ́rẹ̀ẹ́ sí mẹ́ta, èyí tí èrè so, èyí tí ìgbádùn so, àti èyí tí ìwà rere so, ìpín yìí ni ó sì bí ìbéèrè bóyá àwọn tí iṣẹ́ nìkan kó jọ lè di ọ̀rẹ́ tòótọ́. Ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ìbéèrè náà kò ṣàjèjì, nítorí àwọn Yorùbá ní àáró, ìyẹn iṣẹ́ oko tí àwọn ẹgbẹ́ ń bá ara wọn ṣe ní àṣegbà, àti ọ̀wẹ̀, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bá ẹnì kan ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, tí oníṣẹ́ sì ń fún wọn ní oúnjẹ.

Gbèsè wà nínú àáró, nítorí náà ó bọ́ sínú ìbádọ́rẹ̀ẹ́ tí èrè so. Ọ̀wẹ̀ ni ó ṣòro láti fi sínú ìpín Aristotle, nítorí kò sí owó níbẹ̀, orin àti ẹ̀fẹ̀ wà, oòrùn ọ̀sán sì ń fi ọ̀lẹ hàn yàtọ̀ sí akíkanjú. Ní Songhaï, oko ẹ̀kọ́ tí Godfrey Nzamujo, àlùfáà ìjọ Àgùdà, dá sílẹ̀ ní ìlú náà ní 1985, níbi tí wọ́n ti ń sọ ìgbẹ́ ẹran di ajílẹ̀ àti gáàsì ìdáná, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa bá ara wọn ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ìwà kálukú a sì máa hàn níbẹ̀ bí ti ọ̀wẹ̀. Ìrìn fàájì nínú ọgbà ewéko ìlú, tí ó jẹ́ igbó ọba tẹ́lẹ̀, dára, ṣùgbọ́n fàájì kì í tú àṣírí ìwà bí ọkọ́ ṣe ń tú u. Aristotle fúnra rẹ̀ gbà pé ènìyàn méjì kò lè mọ ara wọn tán títí wọn yóò fi jẹ iyọ̀ pọ̀, iyọ̀ kò sì wọ́n nínú ọbẹ̀ ọ̀wẹ̀.